Gọ́tà Ni Ká Kọ́kọ́ Ṣe, Ká Tó Da Ọ̀dà

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ títì. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra báyìí, ariwo kan náà ló máa ń gba ìlú: kòtò ní Muṣin, kòtò ní Agége, gálọ́ọ̀pù tó ń já ṣọ́ọ̀kì dáńfó káàkiri. Gbogbo wa á wá máa pariwo pé kí ìjọba wá da ọ̀dà sí i. Èrò ọkàn tèmi ni pé ọ̀dà kọ́ ló wọ́n àwọn títì wa jù. Ibi tí omi máa gbà kúrò lórí wọn ló wọ́n. Títì tí gọ́tà rẹ̀ ò bá ṣàn, inú omi la da owó ọ̀dà sí.

Ẹ wo bí kòtò ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà tí à ń rí lókè yẹn, bí aṣọ ló ṣe rí lára títì, iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni kó má jẹ́ kí omi ráyè wọ ìsàlẹ̀. Òkúta àti erùpẹ̀ pupa tí rólà ti tẹ̀ mọ́ra lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀. Bí erùpẹ̀ yẹn bá gbẹ, ó le koránkorán. Bó bá mumi yó, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ògiri tí ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́: títì á kọ́kọ́ sán, ìlà tín-ín-rín bí irun orí, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Táyà á tẹ ibẹ̀, omi tó wà nísàlẹ̀ á ta sókè, á sì fa erùpẹ̀ dání jáde. Táyà mìíràn á tún tẹ̀ ẹ́. Bí òjò bá dá, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán yẹn dáadáa. Ẹ máa rí ẹrẹ̀ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí ìlà náà ká, bí ìgbà tí ọbẹ̀ hó dànù sára ìkòkò. Ìsàlẹ̀ ti ń ṣófo nìyẹn. Ọ̀dà òkè lè ṣì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí tírélà kan á fi gun orí rẹ̀, tí yóò sì wọlé gbì. Àwa á ní tírélà ló ba títì jẹ́.

Tírélà náà ní ẹ̀bi tiẹ̀ o. Láàárín 1958 sí 1960, wọ́n ṣe ìdánwò ńlá kan lẹ́bàá ìlú Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n la oríṣiríṣi títì, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí wọn lọ, lórí wọn bọ̀, láti mọ ohun tó ń ba títì jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá táyà kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe máa ń sún mọ́ ìlọ́po 16. Ẹ fi ojú yẹn wo àwọn táńkà àti tírélà Àpápá, ẹ máa mọ ìdí tí wọ́n fi ní láti fi kọnkéré tún Wharf Road ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò yẹn náà, ìgbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, tí yìnyín yọ́, tí ilẹ̀ sì mu omi, ni àwọn títì náà bàjẹ́ jù. Ẹrù ń bà á jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ omi ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹrù.

Ìlú tiwa sì rèé, orí irà ni wọ́n tẹ ọ̀pọ̀ rẹ̀ dó sí. Sir William MacGregor tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ni. Ibà ló ń bá jà, ó wá ní kí wọ́n gbẹ́ ojú omi láti fa irà tó wà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí gbẹ. Ojú omi yẹn la wá ń pè ní MacGregor Canal. Lónìí wọ́n ti kọ́ nǹkan lé e lórí, Ìkòyí àti Erékùṣù sì ti tún di ilẹ̀ kan náà. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ là ń dí ojú omi. Ibi tí à ń dí yẹn, omi ò gbàgbé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa kọ́kọ́ padà sí nígbà tí òjò bá rọ̀.

Gọ́tà gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé, torí ojoojúmọ́ là ń kọjá lára rẹ̀. Àwọn gọ́tà kọnkéré tó wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, ògiri wọn ga ju títì lọ. Ihò kéékèèké tí wọ́n dá sára ògiri yẹn, tó tó ìkúùkù ọmọdé, nìkan ni omi orí títì lè gbà wọ inú wọn. Yanrìn ẹ̀gbẹ́ títì ń dí ihò yẹn díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà á sì bo èyí tó kù. Ẹ máa wá rí nǹkan tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: omi kún orí títì, inú gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Irin gbọọrọ kan àti ṣọ́bìrì kan tó láti la ihò bí ogún láàárín òwúrọ̀ kan.

Èyí tó tún burú ni bí a ṣe ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà. A máa ń wa ẹrẹ̀ náà jáde, a ó wá tò ó sétí gọ́tà pé kó gbẹ ná. Òjò ọjọ́ kejì á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á padà wọlé. Bí ẹ ò bá tíì rí ọmọlanke tàbí ọkọ̀ tó máa kó o lọ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, ẹ má tíì wà á. Àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù náà, kọnkéré tá a fi ń bo gọ́tà níwájú ìsọ̀, ẹ jẹ́ ká dá a ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, kó ní irin tí èèyàn méjì lè dì mú gbé kúrò. Èyí tí wọ́n dà lódindi láti ojú ìsọ̀ dé ojú ìsọ̀, kò sẹ́ni tó lè wọ abẹ́ rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́. Omi á sé síbẹ̀, á máa rin wọ abẹ́ títì.

Ká wá sọ ti kòtò tó ti wà nílẹ̀. Yanrìn àti bíríkì àfọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń dà sí i, aájò dáadáa ni, àmọ́ kì í pẹ́. Omi á gbé yanrìn lọ, bíríkì á dojú dé, á sì máa la táyà. Bí wọ́n bá fẹ́ dí kòtò kó pẹ́, kí wọ́n gé etí rẹ̀ ní igun mẹ́rin títí dé ibi tó le, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Etí tó bá rọra fẹ́lẹ́ lọ á kọ́kọ́ fọ́ ni. Kí wọ́n gbọ́n omi tán, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ tán, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ eruku òkúta sí i ní ínṣì mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n máa gún un mọ́lẹ̀ kí òmíràn tó lé e. Kí wọ́n fi ọ̀dà olómi kun ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí wọ́n máa ń fò jù, tó sì jẹ́ òun ló ń mú tuntun lẹ̀ mọ́ àtijọ́. Bó bá jẹ́ ínṣì méjì ọ̀dà ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n dà á tó ínṣì méjì àbọ̀, torí rólà máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ òkúta yẹn máa ń kúrò nílé iṣẹ́ ní nǹkan bí 150 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá ti tutù tó 80, rólà ò rí i tẹ̀ dáadáa mọ́, ihò á wà nínú rẹ̀, omi á sì wọ̀ ọ́. Ẹ wá ro wákàtí tí típà ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Òjòdú dé Ìdúmọ̀tà. Alẹ́ ló yẹ kí wọ́n máa gbé e, pẹ̀lú tapólì lórí rẹ̀.

Àwọn tó ń gé títì láti ri páìpù tàbí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kí wọ́n yé da gbogbo yanrìn padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n máa gún un ní ínṣì mẹ́fà-mẹ́fà.

Ìgbà tí iṣẹ́ ń wáyé náà ṣe pàtàkì. Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Èkó, nítorí náà ó yẹ ká ti kó gọ́tà tán kí oṣù kẹta tó parí. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló sì dáa jù fún ọ̀dà.

Bí kọngílá bá sì ní òun ti ṣe títì àdúgbò yín tán, ẹ wo àárín rẹ̀. Títì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 24, àárín rẹ̀ yẹ kó fi ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ga ju etí lọ. Ẹ gbé garawa omi kan, ẹ dà á sí àárín gbùngbùn, kẹ́ ẹ dúró wò ó. Ó yẹ kó ṣàn dé etí, kó sì gba ihò wọ gọ́tà. Bó bá dúró sójú kan, ẹ fi ẹfun yí ibẹ̀ ká, kẹ́ ẹ sì pe kọngílá padà kí wọ́n tó sanwó tó kù fún un.