Ilé Oúnjẹ Àdúgbò ní Seoul, Níbi Tí Oníbàárà Kì í Ti Í Yan Ọbẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tó yẹ kí òun ti kọ́kọ́ jẹun nígbà tí òun bá dé Seoul, n kò ní júwe ilé tí wọ́n ti ń sun ẹran lórí tábìlì fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré lọ nítorí ohun tí wọ́n ti rí nínú fíìmù. Ilé oúnjẹ kékeré inú àdúgbò ni màá júwe, èyí tí ìyá àgbàlagbà kan ń dáná nínú rẹ̀, tí ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ ń bá a gbé oúnjẹ, tí tábìlì ibẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju mẹ́fà tàbí méje lọ. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni àwọn ará Kòríà ń pè ní baekban: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ kan, àti àwo kéékèèké bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí nǹkan jíjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà nínú wọn. Èrò ọkàn mi ni pé ohun tó mú kí irú ibẹ̀ dà bí ilé ẹni kì í ṣe adùn oúnjẹ nìkan. Ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀ ni pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bi oníbàárà ní ohun tó fẹ́ jẹ.

Ní búkà tiwa, oníbàárà ló ń pàṣẹ. Yóò dúró níwájú ìkòkò, yóò na ìka sí ṣàkì, yóò ní kí wọ́n yọ pọ̀nmọ́ yìí kúrò kí wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò, yóò sì máa ṣírò owó rẹ̀ bí ẹran ti ń wọ inú àwo. Ní ilé baekban, ohun tí wọ́n máa bi yín lẹ́nu ọ̀nà ni iye èèyàn tí ẹ jẹ́. Ẹ ó na ìka méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó jókòó, oúnjẹ yóò sì dé kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ yín lára, nítorí pé láti àárọ̀ kùtùkùtù ni ìyá náà ti sè é. Àwọn ilé mìíràn máa ń kọ ọbẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sára ògiri kí èèyàn mú ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn àwo kéékèèké wọ̀nyẹn kò sí lọ́wọ́ oníbàárà rárá. Ohun tí ìyá náà bá bá pàdé lọ́jà ló máa ń pinnu. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹta, ewébẹ̀ ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní naengi yóò wà nínú ọbẹ̀. Nígbà ooru, kùkúńbà tí wọ́n fi ata àti fínígà pò ni yóò wà níwájú yín, bí òtútù bá sì tún padà, ráídìṣì funfun ńlá, èyí tí adùn rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bí ojú ọjọ́ bá ti ń tutù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó fi owó ara rẹ̀ wá yẹ kí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ohun tó wù ú. Ní tèmi, ìsinmi ni mo kà á sí. Ẹni tí wọ́n ti ń bi ní ìbéèrè níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ kò ní láti tún wá dáhùn òmíràn lórí oúnjẹ ọ̀sán, ó sì tún dá mi lójú pé n kì bá tí fọwọ́ ara mi yan ìdajì nínú àwọn ohun tí mo wá fẹ́ràn jù báyìí.

Àlejò tó bá jókòó síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń wá ṣíbí tì. Ẹ fọwọ́ tọ́ abẹ́ tábìlì wò, ẹ ó bá àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fà jáde. Inú rẹ̀ ni ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn wà pẹ̀lú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ. Ṣíbí wà fún ìrẹsì àti ọbẹ̀, ọ̀pá irin wà fún àwọn àwo yòókù, wọn kì í sì í gbé abọ́ ìrẹsì sẹ́nu bí àwọn ará Japan ti ń ṣe. Abọ́ náà jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ó ní ọmọrí, ó sì gbóná débi pé ẹni tí kò mọ̀ yóò tètè fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní gbogbo ilé oúnjẹ. Ìjọba ló fà á. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìrẹsì kò tó jẹ, ìjọba Ààrẹ Park Chung-hee ń wá gbogbo ọ̀nà láti mú kí àwọn èèyàn dín ìrẹsì jíjẹ kù, nígbà tó sì di ọdún 1976, ìjọba ìlú Seoul fi lélẹ̀ pé abọ́ ìrẹsì ní ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10.5 ní fífẹ̀ àti sẹ̀ǹtímítà 6 ní jíjìn. Ọ̀wọ́n ìrẹsì ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n abọ́ náà kò lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ráhùn pé ìrẹsì ibẹ̀ kéré kò jayò pa. Ó kàn jẹ́ pé àfikún abọ́ kan kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ni.

Àárín tábìlì ni wọ́n máa ń to àwọn àwo kéékèèké sí, gbogbo ẹni tó jókòó ló sì jọ ń jẹ nínú wọn. Kimchi, ìyẹn kábéèjì Kòríà oníkíkan tí wọ́n fi ata, áyù, atalẹ̀ àti edé oníyọ̀ ṣe, kì í wọ́n níbẹ̀. Èéhù ẹ̀wà sóyà tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì ta òróró yànmọ̀tí sí lè wà pẹ̀lú, àti ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n dín pẹ̀lú ṣúgà títí tó fi ń dán, àti ẹyin díndín tí wọ́n ká tí wọ́n sì gé sí wẹ́wẹ́. Bí oríire bá bá yín rìn, ẹ ó bá ẹja títù tí wọ́n fi iyọ̀ pa lára tí wọ́n sì sun, èyí tí awọ rẹ̀ ń ta pàrà lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni kì í gbé ṣíbí kí àgbà tó wà nídìí tábìlì tó gbé tirẹ̀, ìlànà kan nìyẹn tí ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun.

Ọbẹ̀ tí mo máa ń gbàdúrà pé kí ìyá olóúnjẹ ti sè ni cheonggukjang. Inú ìṣaasùn ló máa ń wà, ó ń hó gan-an títí wọ́n fi gbé e kalẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń fi irú sebẹ̀ yóò gbé orí sókè lójú ẹsẹ̀, kì í sì í ṣe ìrònú lásán ni. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n máa ń sè títí yóò fi rọ̀, wọn a bò ó mọ́ ibi tó móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú koríko ìrẹsì gbígbẹ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣe é bíi ti àtijọ́, títí tí yóò fi máa fà wínníwínní. Irú tiwa ń gba ọ̀nà kan náà: sísè, bíbó èèpo, sísè lẹ́ẹ̀kejì, àti bíbò mọ́ inú ooru. Kòkòrò tí ojú kò lè rí tó ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì tún jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Bacillus subtilis. Igi igbá ló fún wa ní tiwa, ẹ̀wà sóyà ló fún wọn ní tiwọn, kò sì sẹ́ni tó rìnrìn àjò lọ kọ́ ẹnì kejì. Ata ni a jọ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti wá sọ́dọ̀ àwa àti àwọn, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà òkun jíjìn. Ẹ wá wo bí kálukú ṣe ń fọ́nnu báyìí pé tòun ló ta jù.

Òórùn cheonggukjang yìí kan náà ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé inú ilé alájà púpọ̀ má fẹ́ sè é nílé mọ́, kí aládùúgbò má bàa ráhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ tí ilé oúnjẹ àdúgbò ń ṣe ju títa oúnjẹ lọ, nítorí ohun tí ilé kò lè sè mọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn Mùsùlùmí, àti fún ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran náà máa ń fara pamọ́. Ó lè wà nínú ọbẹ̀ kimchi, ó lè wà nínú omi tí wọ́n fi se ọbẹ̀, nígbà tí ojú kò rí ẹran kankan. Ẹ béèrè "dwaeji" kí ẹ tó jókòó. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Pátákó tún wà lára ògiri, nítorí òfin Kòríà béèrè pé kí ilé oúnjẹ kọ ibi tí ìrẹsì, kimchi àti oríṣiríṣi ẹran tí wọ́n ń lò ti wá. Èmi gan-an máa ń kọ́kọ́ ka pátákó yẹn nítorí ìdí mìíràn: bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ Ṣáínà ni kimchi ti wá, a jẹ́ pé inú páálí ni wọ́n ti tú u, mo sì ti mọ irú ìyá tó ń dáná nìyẹn.

Àwọn àwo kéékèèké wọ̀nyẹn kì í ní iye tiwọn lórí ìwé owó. Bí ọ̀kan bá tán, wọn yóò bù sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àwọn ibì kan ẹ ó dìde lọ bù ú fúnra yín. Àwọn oníbàárà á ké pe ìyá olóúnjẹ ní imo, bí ọmọ ti ń pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, yóò sì gbọ́ láti ìdí iná. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá rí ẹni tó bu òkìtì tí kò sì jẹ ẹ́ tán, nítorí pé láti ọdún 2009 ni òfin ti kà á léèwọ̀ pé kí ilé oúnjẹ tún gbé àjẹkù fún ẹlòmíràn, nítorí náà inú garawa ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó dùn mí ni ti ẹni tó bá dá lọ jẹun. Wọ́n ti dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà rí ní ilé oúnjẹ kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé èmi nìkan ni, wọ́n sì ní ẹni méjì sókè ni àwọn ń gbé oúnjẹ fún. Ó ká mi lára, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Àwo mẹ́fà ni wọ́n máa bù, ì báà jẹ́ ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló jókòó, àwo mẹ́fà kan náà ni wọ́n sì máa fọ̀, nígbà tó jẹ́ pé owó ẹnì kan, tó máa ń wà láàárín 8,000 sí 10,000 won, ìyẹn owó Kòríà, kò tó ohun tí wọn yóò gbé síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá dá lọ lè wá ilé oúnjẹ àwọn awakọ̀ takisí, tí wọ́n ń pè ní gisa sikdang, nítorí àwọn yẹn mọ̀ pé awakọ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni kẹ́gbẹ́ jẹun.

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò ní, ìyá olóúnjẹ sì ni ẹni tí kò ní nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà tí ewé ń wọ́ ní ọdún 2010, lẹ́yìn tí ooru àti òjò ti ba oko jẹ́, kábéèjì Kòríà kan ṣoṣo wọ́n ju 10,000 won lọ, ìyẹn ni pé ó ju owó oúnjẹ odidi ènìyàn kan lọ dáadáa nígbà náà. Ààrẹ Lee Myung-bak ní kí wọ́n máa fi kábéèjì roboto, irú èyí tí àwa ń gé sínú sàláàdì, ṣe kimchi òun, àwọn ará ìlú sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ìyẹn náà ti wọ́n. Àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá lè mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ìyá tó ní tábìlì mẹ́fà kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ojú á sì tì í láti kọ̀ fún oníbàárà tó ní kí ó bu kimchi sí i.

Yàtọ̀ sí owó ọjà, ilẹ̀ náà ń fẹsẹ̀ fà lábẹ́ wọn. Bogwang-dong, àdúgbò kan ní Seoul lẹ́bàá Itaewon, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ilé ibẹ̀ kò wọ́n, wà lára àdúgbò tí wọ́n fẹ́ wó láti fi kọ́ ilé ìgbàlódé, ìparí ọdún 2023 ni àwọn olùgbé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde. Ilé oúnjẹ irú èyí tí mò ń sọ ti wà ní àwọn òpópónà tóóró ibẹ̀ rí. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò ní rí owó gba ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé tuntun, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ máa jí bó ẹ̀wà.

Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn tó ń kùn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi 1,000 won lé owó baekban kùn. Kí wọ́n fi kún un, ì báà tó 13,000. Ohun tí n kò fẹ́ ni ọ̀nà àbáyọ tí àwọn ilé kan ti ń gbà báyìí: wọ́n dín àwo mẹ́fà kù sí mẹ́ta, wọ́n ra kimchi inú páálí, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan sẹ́nu ọ̀nà tí àwòrán oúnjẹ kún ojú rẹ̀, tí ó ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ.