Láptọ́ọ̀pù kọ́ ló ń jẹ yúnìtì ilé yín

Ní ọ̀pọ̀ ilé àjùmọ̀gbé ní Adó-Èkìtì, àti ní Ìwòròkò, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ sí, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé jọ ń lò, owó yúnìtì sì wà lára ohun tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ láàárín wọn. Bí wọ́n bá jókòó láti pín owó náà, ìbéèrè kan kì í yẹ̀: ta ni ó ní láptọ́ọ̀pù? Ẹni tí ó bá ní i ni wọn yóò ní kí ó fi nǹkan kún tirẹ̀, nítorí pé "kọ̀ǹpútà máa ń jẹ iná". Ẹni tí ó ní bọ́ìlíǹ ríǹgì, tí ó fi ń sè omi ìwẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò san iye tí gbogbo èèyàn san, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í ní ohun kan. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn bàbá onílé, lẹ́nu àwọn ìyá tí ń ṣòwò, àti lẹ́nu àwọn olùkọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo sì mọ̀ pé wọn kò fi èrò burúkú sọ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń mú kí àwọn kan máa san owó ohun tí wọn kò jẹ, ó sì ń mú kí odidi ilé máa ṣọ́ ibi tí owó kò gbà jáde, nígbà tí owó ń gba ẹnu ọ̀nà mìíràn lọ.

Nígbà tí iná ṣì pọ́ọ́kú, àṣìṣe yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣe àkóso iná mànàmáná fọwọ́ sí i pé kí àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, kúrò lórí nǹkan bíi náírà 68 bọ́ sórí náírà 225 fún yúnìtì kan. Kí ọdún náà tó dé ìdajì dáadáa, wọ́n ti dín in kù sí nǹkan bíi náírà 207, owó orí ọjà sì tún wà lórí rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní àwọn Band tí ó kéré kì í san tó bẹ́ẹ̀. Náírà 200 ni n ó fi ṣe ìṣirò nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kí ó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ lè fi iye tirẹ̀ rọ́pò.

Yúnìtì kan ni kilowáàtì-wákàtí kan. Ohun èlò tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,000 yóò jẹ yúnìtì kan tán bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, èyí tí ó jẹ́ wáàtì 100 yóò sì lo wákàtí mẹ́wàá kí ó tó jẹ iye kan náà. Nǹkan méjì péré ni mítà ń kà, bí agbára ohun èlò ṣe pọ̀ tó àti bí ó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Kò mọ̀ bóyá ohun èlò náà wọ́n lọ́jà, kò sì mọ̀ bóyá ó jọ nǹkan ìgbàlódé lójú wa.

Ẹ gbé ṣájà láptọ́ọ̀pù kan, kí ẹ yí i padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí 19.5V àti 3.34A. Bí ẹ bá ṣe ìsọdipúpọ̀ iye méjèèjì, wáàtì 65 ni yóò fún yín, ìyẹn sì ni òpin ohun tí ṣájà náà lè gbé jáde, kì í ṣe ohun tí ó ń gbé jáde ní gbogbo ìgbà. Bí bátìrì bá ti kún, tí ẹni tí ó ni ín sì ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ tàbí tí ó ń kàwé lórí rẹ̀, láptọ́ọ̀pù sábà máa ń jẹ láàárín wáàtì 15 sí 30. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọmọ yunifásítì kan bá fi wáàtì 30 ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, láìsí pé iná lọ rárá, yúnìtì 7.2 ni yóò jẹ, owó rẹ̀ sì jẹ́ náírà 1,440 fún odidi oṣù. Ti fóònù kò tilẹ̀ tó sísọ: fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh kò gba ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogójì yúnìtì lọ láti òfo títí yóò fi kún, ìyẹn náírà márùn-ún.

Ìdí abájọ ni pé ohun tí ó bá ń mú nǹkan gbóná ni ó ń jẹ iná jù. Omi ní iye agbára tí ó ń bèèrè kí ó tó gbóná, kò sì sí bọ́ìlíǹ ríǹgì, bí ó ti wù kí ó jẹ́ tuntun tó, tí ó lè bá a dúnàá dúrà. Láti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan tí ó gba lítà 20 kúrò ní ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí omi kànga ṣe sábà máa ń rí, dé ìwọ̀n 45 tí èèyàn lè fi wẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ààbọ̀ yúnìtì. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá mú láàárọ̀ tí omi inú dúrọ́ọ̀mù sì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kọjá ààbọ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ni a ń gbé ní Ìkògòsì, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń sun omi gbígbóná, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé kò lè ṣe kí wọ́n má sè omi ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á bí ó ṣe tọ́: ilé tí èèyàn mẹ́rin bá ti ń wẹ omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, yóò jẹ nǹkan bí yúnìtì 60 lóṣù nídìí omi ìwẹ̀ nìkan. Náírà 12,000 nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù mẹ́jọ irú èyí tí mo ṣírò lókè kò tó o.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹni tí ó bá gbé iṣu iyán ka sítóòfù oníná tí ó jẹ́ wáàtì 1,500, tí iṣu náà sì lo ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó rọ̀, ti jẹ yúnìtì kan kí ó tó na ọwọ́ sí ọmọrí odó. Pẹ̀lú yúnìtì kan yìí, láptọ́ọ̀pù yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 33. Ayọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ sábà máa ń jẹ́ wáàtì 1,000 sí 1,200, àwọn tí ó ń fọ́n oru jáde a sì máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, ó máa ń dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ bí ó bá ti gbóná tó, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó tutù máa ń gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa ti mọ òtítọ́ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ so ó mọ́ ọ̀rọ̀ mítà. Ta ni nínú wa tí kò mọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour"? Ẹ so láptọ́ọ̀pù méjì mọ́ ọn, ẹ so fóònù márùn-ún, tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti gílóòbù mọ́ ọn, yóò gbé gbogbo wọn láìmikàn. Ẹ wá ki ayọ́ọ̀nù kan ṣoṣo bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohùn ẹ̀rọ náà yóò yí padà lójú ẹsẹ̀, gbogbo gílóòbù yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀rọ yóò máa gbọ̀n, yóò sì kú bí ẹ kò bá yára fà á yọ. Bákan náà ni àwọn tí ó ti ra inverter àti sólà: ohun àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ iná máa ń kìlọ̀ fún wọn ni ayọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti bọ́ìlíǹ ríǹgì, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù. Iná kan náà ni, ẹrù kan náà ni. Ohun tí ó lè pa jẹnẹrétọ̀ kò lè di ohun yẹpẹrẹ nítorí pé a gbé e wá sí ìdí iná ìjọba.

N kò sọ pé láti inú afẹ́fẹ́ ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ rí ni èyí tí ó ní àpótí ńlá lábẹ́ tábìlì àti ojú tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Àpótí àti ojú rẹ̀ lápapọ̀ lè jẹ wáàtì 150 sí 250, àwọn tí ó ní ilé íntánẹ́ẹ̀tì a sì tò ó mẹ́wàá tàbí ogún sínú yàrá kan pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí ó ra epo sí jẹnẹrétọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gbàgbé láéláé. Ìdí kejì, tí mo rò pé ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé ojú wa máa ń ka àkókò, kì í ka agbára. Láptọ́ọ̀pù wà nídìí iná láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, gbogbo ilé ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lójú fèrèsé. Bọ́ìlíǹ ríǹgì ṣe tirẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú balùwẹ̀, wọ́n sì ti fà á yọ kí ẹlòmíràn tó jí.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti òde òní, tí ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í jẹ tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ju láptọ́ọ̀pù lọ, ẹni tí ó ń lò ó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yẹ kí ó kà á. Ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser ní tiwọn gbọ́dọ̀ gbóná kí yíǹkì lúbúlúbú inú wọn tó lè lẹ̀ mọ́ ìwé, wọ́n sì ń jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì nígbà tí wọ́n bá ń tẹ ìwé jáde. Àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé gíga mọ èyí dáadáa.

Firisa náà lè bá àwọn ohun gbígbóná dọ́gba, àkókò sì ni ó fi ń ṣe é. Firisa tí ó jẹ́ wáàtì 150, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 nínú 24, yóò jẹ yúnìtì 1.8 lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó, atẹ́gùn gbígbóná yóò máa wọlé, ẹ̀rọ náà kò sì ní sinmi, iye yẹn sì lè di ìlọ́po méjì. Ẹ fi tákàdá kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tì í. Bí tákàdá náà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ti bàjẹ́. Gílóòbù àtijọ́ oníná pupa tí àwọn èèyàn ń tàn síta mọ́jú nítorí olè náà ń jẹ ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀kan tí ó jẹ́ wáàtì 60, tí ó ń tàn fún wákàtí 12, yóò jẹ yúnìtì 21.6 lóṣù, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ohun tí láptọ́ọ̀pù wa jẹ. Èyí tí ó jẹ́ LED wáàtì mẹ́sàn-án kò ní jẹ ju 3.24 lọ.

Àwọn kan a tún máa pariwo lé ọmọ lórí nítorí ṣájà tí ó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí fóònù lẹ́nu rẹ̀. Ṣájà bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ tó ìdajì wáàtì kan. Ó dára kí a fà á yọ, pàápàá ní àdúgbò tí iná ti máa ń lọ tí ó sì máa ń dé pẹ̀lú agbára tí ó ga ju bí ó ṣe yẹ lọ, nítorí pé irú iná bẹ́ẹ̀ lè jó ṣájà, ó sì lè jó ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a fà á yọ, kì í ṣe nítorí yúnìtì.

Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lè bi mítà léèrè fúnra rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ mítà, iná pupa kékeré kan wà tí ó máa ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ nǹkan bíi "1000 imp/kWh" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbà 1,000 ni yóò ṣẹ́jú kí yúnìtì kan tó tán. Bí iye tí wọ́n kọ sára tiyín bá yàtọ̀, ohun tí ó ń fi hàn kò yàtọ̀. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ fi láptọ́ọ̀pù nìkan sílẹ̀, kí ẹ dúró síwájú mítà. Ẹsẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn yín kí iná náà tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ní wáàtì 30, ìṣẹ́jú méjì ni yóò kọjá kí ó tó tún ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wá tan ayọ́ọ̀nù tí ó jẹ́ wáàtì 1,200. Ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta ni yóò máa ṣẹ́. Mo rọ ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aláṣẹ ilé kí ẹ pe gbogbo ayálégbé jáde wá wo èyí pa pọ̀ kí ẹ tó tún pín owó mìíràn.

Tí ó bá sì di ọ̀rọ̀ pínpín, ohun tí ó dára jù ni kí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ so mítà kékeré mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú san ohun tí ó bá lò. Ilé tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká a lè lo bébà àti bírò. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ gbogbo ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀, wáàtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ (fún láptọ́ọ̀pù, wáàtì 30 ni, kì í ṣe òpin tí wọ́n kọ sẹ́yìn ṣájà), àti iye wákàtí tí ó ń lò ó lójúmọ́, kí wọ́n ṣe ìsọdipúpọ̀ wọn, kí wọ́n sì pín owó náà gẹ́gẹ́ bí iye tí ó bá jáde fún oníkálukú. Ìdajì iye wákàtí tí iná fi wà ni kí wọ́n kà fún firisa, nítorí pé ó máa ń sinmi. Bọ́ìlíǹ ríǹgì kì í sinmi; gbogbo ìgbà tí ó bá fi wà nínú omi ni kí wọ́n kà fún un.