Ṣé Ọ̀ràn Ni Ẹni Tó Lo Twitter Ní Ọdún 2021 Dá?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2021, ìbátan mi kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, yọ Twitter kúrò lórí fóònù rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ Èkó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ti ń rí àwòrán aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú aró, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti sọ fún un pé bí wọ́n bá yẹ fóònù wò lójú ọ̀nà tí wọ́n sì bá ẹyẹ aláwọ̀ aró yẹn níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n tààrà ni. Ó tẹ ìka mọ́ ẹyẹ náà títí tó fi ń gbọ̀n rìrì lójú fóònù, ó sì pa á rẹ́.

Títí di òní ó gbà pé òfin ni òun pa mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kàwé jù ú lọ ló sì gbà bẹ́ẹ̀: pé láàárín ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 sí ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, ọ̀daràn ni ẹni tó bá lo Twitter ní Nàìjíríà, àti pé ẹni tó gba ojú VPN (ètò orí fóònù tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n tì pa) wọlé tún dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ 222 yẹn, kò sí òfin kankan tó sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì di ẹ̀ṣẹ̀.

Mo rò pé èdè wa gan-an wà lára ohun tó ṣì wá lọ́nà. Rédíò tí mo ń gbọ́ nígbà náà ń sọ pé ìjọba ti “fòfin de Twitter”, àwa náà sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé àwọn aṣòfin jókòó, wọ́n kọ òfin, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ ọ̀rọ̀ kan sí Twitter, tó fi ogun abẹ́lé ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń dá rúgúdù sílẹ̀, tó sì ní èdè tó yé wọn ni àwọn yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Twitter pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ní ọjọ́ 4, mínísítà ètò ìròyìn, Lai Mohammed, kéde pé ìjọba ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà, láìsọ ìgbà tí yóò dópin (orí Twitter wà lára ibi tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kéde rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín). NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, sì pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ti ọ̀nà pa. Ìkéde ni ti àkọ́kọ́, àṣẹ ni ti èkejì, ìkankan nínú wọn kì í sì í ṣe òfin.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn lọ́yà lásán. Abala 36(12) nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn àfi tí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá ti sọ ohun tí ọ̀ràn náà jẹ́ àti ìjìyà tó tọ́ sí i. Ìlànà náà ti wà nínú àwọn ìwé òfin ilẹ̀ wa láti ìgbà tí a ti gba òmìnira. Ní ọdún 1961, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kan dá obìnrin kan lẹ́bi panṣágà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Kò sí ẹni tó ń sọ pé ohun tí wọ́n ní ó ṣe dára; ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ìwé òfin wo, ní gúúsù Nàìjíríà, ló pe panṣágà ní ọ̀ràn tí ìjọba lè fìyà jẹ ènìyàn lé lórí. Wọ́n wá a, wọn kò rí i, ilé ẹjọ́ gíga sì fagi lé ìdájọ́ náà. Tí ohun tí gbogbo ìlú ń bú kò bá lè di ọ̀ràn láìsí nínú ìwé, báwo ni títẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù ṣe lè di ọ̀ràn nítorí ìkéde mínísítà?

Ẹni tó bá fẹ́ jà mí níyàn yóò rántí pé Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, Abubakar Malami, pàṣẹ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó bá tàpá sí ìdádúró náà lẹ́jọ́. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà wá jù. Ṣùgbọ́n agbára tí abala 174 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún Agbẹjọ́rò Àgbà ni láti pe ẹjọ́ lórí ọ̀ràn tó ti wà nínú òfin. Kò fún un lágbára láti dá ọ̀ràn tuntun sílẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹ tún wo ẹni tí wọ́n kọ àṣẹ NCC sí. ALTON, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, jẹ́rìí sí i pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn gba àṣẹ náà, wọ́n sì ní òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ àwọn ló mú kí àwọn tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dè. Ìyá aláàdìrẹ tó ra dátà ẹgbẹ̀rún náírà kò ní ìwé àṣẹ kankan tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe kò ju pé, bí fóònù rẹ bá ní òun ń wá Twitter, wọn kò ní jẹ́ kó débẹ̀, ìwọ yóò kàn máa wo ohun róbótó kan tó ń pòyì lójú fóònù. VPN máa ń di ìbéèrè yẹn sínú àpò mìíràn, á sì kọ́kọ́ gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà kan ní Kánádà tàbí Netherlands, kí wọ́n tó tú u níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Twitter fi ń gbé ohun tó ń lọ ní ìlú òyìnbó ká iwájú ẹni tó jókòó sí Mokola. Kò sí òfin Nàìjíríà tó ka irú ìrìn àyíká bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Àwọn báǹkì ti ń lo VPN kí ọ̀rọ̀ Twitter tó dé.

Pásítọ̀ Enoch Adébóyè ti ìjọ Ìràpadà kò tilẹ̀ fi tirẹ̀ pamọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìkéde náà, ó kọ ọ́ sí Twitter pé ìjọ òun wà ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè tó lé ní 170, ó sì tọ́ka sí abala 19 ìkéde àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Kò sí ẹni tó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà kan náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó fìdí kalẹ̀ sí Àbújá, níbi tí ìjọba ti lè gbọ́ dáadáa, pàṣẹ nínú ẹjọ́ tí SERAP, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, àti àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn pè, pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni tàbí kó pè é lẹ́jọ́ nítorí lílo Twitter títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé ìdádúró náà gan-an ló lòdì sí òfin. Ẹni tó rú òfin nínú ọ̀rọ̀ yìí ti hàn nígbà náà, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ta aṣọ.

Mi ò sọ pé ohunkóhun tí ènìyàn bá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bá òfin mu o. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, wà nílẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti fi abala 24 rẹ̀ mú àwọn oníròyìn kí Twitter tó wọ gàù àti lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ènìyàn sọ ni òfin yẹn ń wò, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé.

Nígbà tí wọ́n ṣí Twitter ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìbátan mi tún gbé e padà sórí fóònù. Obìnrin kan ti fi ìwé ránṣẹ́ sí i láti oṣù keje, ó fẹ́ àdìrẹ ọgọ́ta fún aṣọ ẹbí, ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìparí oṣù kẹwàá. Ó ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn kò ju “Ẹ ń gbọ́ mi?” lọ.