Pápá bàálù kọ́ ló ń sọ ìlú di ńlá

Ọ̀rọ̀ pápá bàálù tún ti gba ẹnu àwọn ará wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ nídìí ayò, wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí àwọn onízémì, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ń dúró sí, àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu àti Èkó náà ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohun tí gbogbo wọn sì gbà gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ìlú tó bá ní pápá bàálù yóò dìde, èyí tí kò bá ní in yóò máa wà lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìlú yìí ju kí n máa gbọ́ ọ kí n sì dákẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn ará wa wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé Ṣábẹ̀ẹ́ ti ní pápá bàálù. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ pápá bàálù gbogbo ayé, ó sì ní àmì tirẹ̀: DBBS ni èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò, SVF ni ti àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n lọ bá àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí o ní Ṣábẹ̀ẹ́ lò ń lọ. Kò sí èyí tí wọn yóò tà fún ọ, nítorí kò sí bàálù tó ń kó èrò lọ síbẹ̀ déédéé. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń wọ̀ láti Kútọnu, á gba Bohicon, á gba Ìdáàṣà, kó tó délé. Òkè rẹ̀ ni ayé mọ Ṣábẹ̀ẹ́ mọ́, àti ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀. Pápá bàálù kò fi nǹkan kan kún un. Kándì, Natitingú àti Júgú náà ní pápá tiwọn. Ẹ bi ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá bóyá bàálù ló ń bọ́ ọ.

Wọ́n á ní, “Parakú ńkọ́? Ṣebí ìlú ńlá ni, ó sì ní pápá bàálù.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú irin ló sọ Parakú di ohun tó dà. Ojú irin tó ti Kútọnu wá dé ibẹ̀ ní 1936. Orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fà á dé, àmọ́ Parakú ló parí sí. Nítorí náà, láyé ìgbà yẹn, ẹrù tó bá bá ọkọ̀ ojú irin wá tó ń lọ Nìjẹ̀ ní láti bọ́ sílẹ̀ ní Parakú, kí wọ́n tó tún un dì sínú kámíọ̀nù. Alábàárù ní láti wà níbẹ̀, awakọ̀ ní láti wà, mẹkáníìkì, olóúnjẹ, onílé tó ń gbàlejò. Ẹrù tó ń bọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́ ló kó ènìyàn jọ, tí ọjà Arzèkè fi gbòòrò. Bí Kútọnu náà ṣe rí nìyẹn: èbúté ló bí i, pàápàá láti 1965 tí wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn. Ní Nàìjíríà, ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ìlú náà sì gbèrú. Pápá bàálù ti wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun nítòsí rẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, kò sì sí ẹni tó lè ní òun ló kọ́ Òṣogbo. Bàálù máa ń lọ síbi tí èrò àti owó bá ti wà ṣáájú.

Ohun kejì tó ń ṣi wá lọ́nà ni pé a rò pé ilẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n da ọ̀dà sí ni pápá bàálù. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Ojú pápá tó gùn ní 1,500 mítà, tó fẹ̀ ní 30 mítà, jẹ́ 45,000 mítà oníbùú-lóòró. Bí a bá fi ọ̀dà kan náà ṣe ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà méje, ọ̀nà náà yóò lé ní kìlómítà mẹ́fà. Ìyẹn nìkan ti tó ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà ṣì kọ́ ni ìnáwó tó le jù. Ọgbà gbọ́dọ̀ yí pápá náà ká. Ní 2005, bàálù ńlá kan kọlu agbo màlúù lórí pápá Port Harcourt, pápá ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó. Kí wá ni ti Kétu, tí ewúrẹ́ àti màlúù ń rìn níbi gbogbo? Ọkọ̀ panápaná àti àwọn tó mọ̀ ọ́n lò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bí bàálù èrò bá ń bà. Epo bàálù gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó ń gé koríko gbọ́dọ̀ wà, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú láti Kútọnu yóò sì máa wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí bàálù dé, bí kò dé, owó oṣù wọn ń lọ.

Ta ni yóò san án? Ẹ jẹ́ ká ní bàálù oníjókòó 19 ń lọ, ó ń bọ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, láìsinmi lọ́jọ́ kan. Gbogbo ìjókòó rẹ̀ lọ́dún kò ju 13,870 lọ. Kọ́múùnù Kétu, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní ènìyàn tó lé ní 150,000, àgbẹ̀ àti oníṣòwò ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láti ibí dé Kútọnu kò pé 150 kìlómítà. Kí o tó dé pápá, kí wọ́n tó yẹ ẹrù rẹ wò, kí o tó jókòó, tasí ẹni tí ẹ jọ jí ti kọjá Pobẹ̀ lójú ọ̀nà Kútọnu. Ní ti ẹrù, irú bàálù bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì lọ. Gàrí alápò ọgọ́rùn-ún kílò, kò ju nǹkan bí ogún àpò lọ. Tòmátì àti àgbàdo wa ńkọ́? Àwọn tó sì ń retí pé bàálù Mẹ́kà yóò máa gbéra ní Kétu, kí wọ́n mọ̀ pé pápá 1,500 mítà kò lè gba irú bàálù ńlá yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé inú ire ni àwọn tó ń sọ ọ́ fi ń sọ ọ́: wọ́n ní bàálù yóò máa gbé aláìsàn. Ẹ ro obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dá lára rẹ̀. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ẹ̀jẹ̀ yìí lè pa á láàárín wákàtí méjì. Bàálù tí yóò gbé e kò sùn sí Kétu. Kútọnu ni yóò ti wá, bí awakọ̀ bá wà, bí ojú ọjọ́ bá dára, bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú. Ohun tó lè gba obìnrin náà là ni ẹ̀jẹ̀ tó wà nípamọ́ nítòsí, dókítà tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ, àti ọkọ̀ aláìsàn lórí ọ̀nà tí kò ní kòtò. Láti 2016 ni wọ́n ti ń fi dróònù, bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko ní Rùwáńdà. Ńṣe ni dróònù ń ju àpótí náà sílẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn kékeré. Ilé ìwòsàn tó ń gbà á kò nílò pápá kankan. Bí ìtọ́jú aláìsàn bá jẹ wá lógún lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ ìjọba fún èyí.

Ilẹ̀ ńkọ́? Pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbọ́dọ̀ wà ní gbayawu, pápá náà yóò gba hẹ́kítà 15 ó kéré tán. Kò sì tán síbẹ̀, nítorí ẹni tó ní ilẹ̀ níwájú ibi tí bàálù ń gbà balẹ̀ kò ní lè kọ́ ilé gíga, kò ní lè dá igi tíìkì sí kó ga. Oko àwọn ará ilé wa lèyí.

Ìlú yìí ti rí ohun tó ń kó ènìyàn wá. Ní 2013 ni wọ́n dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba yàrá, wọ́n ń ra oúnjẹ, wọ́n ń gun zémì, àwọn mìíràn ń jókòó síbí lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọ̀nà oko tó lọ sí Ìdígní, ọ̀nà Ìlárá tó já sí Nàìjíríà, ibi tí tòmátì kò ti ní tètè bàjẹ́ kó tó dé ọjà: irú nǹkan báwọ̀nyí ló yẹ ká máa bá mérì, olórí kọ́múùnù wa, sọ.

Bí wọ́n bá sì pe ìpàdé lórí pápá náà, ẹ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé ilẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ilé-iṣẹ́ bàálù wo ló ti gbà láti máa wá, ta ni yóò máa san owó oṣù panápaná ní ọdún karùn-ún, iye wo sì ni wọn yóò san fún ẹni tí oko rẹ̀ bá wọ inú ọgbà náà.