Irọ́ tí ọlọ́pàá bá kọ sínú PV kì í ṣe ọ̀ràn kékeré

Ẹ̀yin ará Kétu ilẹ̀ Benin, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ojú ọ̀nà bá délẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà láìfún èèyàn ní rìsíìtì la máa ń sọ ṣáá. Ó ń bí èmi náà nínú. Ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n bá kọ sínú PV, ìyẹn ìwé tí ọlọ́pàá fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, ló ń dùn mí jù, torí ìwé yẹn ni yóò bá èèyàn dé kóòtù àti ọ́fíìsì asúráńsì.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù àti oní-zem (ọlọ́kadà) kan kọlu ara wọn lójú ọ̀nà Ìlárá. Ọlọ́pàá á dé, á wọn ilẹ̀, á ya àwòrán ibi tí kálukú wà, á bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, á sì kọ PV. Faransé ni yóò fi kọ ọ́. Yorùbá ni oní-zem fi sọ tirẹ̀. Ọlọ́pàá kan náà ló gbọ́ ọ, òun ló túmọ̀ rẹ̀, òun ló kọ ọ́, òun náà ló tún kà á sí i létí kó tó ní kó tẹ̀ka. Bí awakọ̀ akẹ́rù bá ti fún ọlọ́pàá yìí lówó lábẹ́lẹ̀, tí àwòrán náà sì sún díẹ̀, ẹni tó wà lápá ọ̀tún ti di ẹni tó gba apá òsì nìyẹn. Ohun tó wà nínú PV sì ni kóòtù lè tẹ̀ lé bí ẹnikẹ́ni kò bá mú ẹ̀rí tó takò ó wá. Ta ni yóò mú ẹ̀rí ọ̀hún wá? Ṣé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán? Àwọn tó rí i ṣojú ti bá ọjà wọn lọ, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì fẹ́ kí ọ̀nà àwọn gba kọmisaríà, àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ kò lè dúró de ogún ọdún.

Òfin wa kò fojú kékeré wo nǹkan yìí. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní 2018, ọ̀ràn ńlá ni kí òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sínú ìwé ìjọba. Abala 35 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1990 sì pàṣẹ pé kí ẹni tó di ipò ìjọba mú fi òótọ́ inú àti ìwà títọ́ ṣe é. Àwa la sọ ọ́ di “ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà lásán.” Wọ́n á gbé ọlọ́pàá náà lọ sí ìlú mìíràn, a ó ní ó tán.

Kò tán o! PV mélòó ló ti kọ ṣáájú?

Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà ẹjọ́ Brady ní 1963 àti ẹjọ́ Giglio ní 1972, agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọdọ̀ fi ohun tó lè mú kí a má gba ẹlẹ́rìí rẹ̀ gbọ́ pamọ́ fún olùjẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wọn fi ní orúkọ àwọn ọlọ́pàá tó ti purọ́ lákọsílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut, wọ́n rí àwọn ọlọ́pàá tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún awakọ̀ tí kò sí níbì kankan, kí ó lè dà bíi pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní 2023, àwọn olùyẹ̀wò fi àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wé ti kóòtù, wọ́n sì rí tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní 25,000 tó mú ìfura lọ́wọ́. Ìwádìí mìíràn ní 2024 ní àṣìṣe ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ọlọ́pàá díẹ̀ ló jọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Apá ìkẹyìn yìí ló wù mí jù. Àyẹ̀wò kan náà tó mú òpùrọ́ ló wẹ olóòótọ́ mọ́. Àwọn ọlọ́pàá tó ń dúró nínú oòrùn lọ́dọ̀ wa tí wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè fún un.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ìwé ìtànràn tí ọlọ́pàá kọ wé owó tó wọ àpò ìjọba. Kí ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé, tí kì í ṣe ẹni tó kọ PV, kà á sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn létí. Ọlọ́pàá tí irọ́ bá sì ti jábọ́ nínú PV rẹ̀, kí adájọ́ tún gbogbo PV rẹ̀ tó kù yẹ̀ wò, kí wọ́n sì pe òun alára lẹ́jọ́.

Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó kàwé, ẹ bá bàbá yín àti ẹ̀gbọ́n yín tó ń gun zem dé kọmisaríà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ka sí ohun tí ẹ kò tíì kà. Bí ọlọ́pàá bá sì ti fi ẹ̀tọ́ yín dù yín, ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́, ẹ sì dárúkọ Abala 35.