Ẹ̀jẹ̀ ò dúró de dìpọ́sítì

Tí ọkọ̀ bá forí sọra wọn lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ohun tí gbogbo wa máa ń bèèrè ni pé ṣé ẹsẹ̀ kán, ṣé orí fọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú lèmi ń bẹ̀rù jù. Ẹni tí egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́ lè máa bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ má rí ẹ̀jẹ̀ kankan lára aṣọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á tutù, òógùn á bò ó, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Inú ló ti ń jò.

Ó sì ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i láìla ikùn. Ní 1953, Sven-Ivar Seldinger, dókítà ará Swídìn, ṣàlàyé bí wáyà àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe lè gba ojú abẹ́rẹ́ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń gbà dòní. Dókítà á gún iṣan níbi tí itan ti so mọ́ ara, á máa ti rọ́bà náà lọ, á máa wò ó lójú ẹ́síréè, títí yóò fi dé ibi tó ń jò. Iṣan kékeré, á fi wáyà kíká dí i pa. Tó bá jẹ́ iṣan ńlá tó ti inú ọkàn wá ló ya, á ki sítẹ́ǹtì, ìyẹn páìpù wáyà tí wọ́n fi aṣọ bò, sínú rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá mu o. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, tí ìfúnpá rẹ̀ sì ń já wálẹ̀, tíátà ni kí wọ́n sáré gbé e lọ.

A máa ń pariwo pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ. Ó dáa, ta ni yóò tàn án ní aago méjì òru? Dókítà tó mọ̀ ọ́n ń kọ́, nọ́ọ̀sì ń kọ́, ẹ̀jẹ̀ ní báǹkì ń kọ́, iná tí kò gbọdọ̀ lọ ń kọ́? Ká tiẹ̀ wá ní gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tún ní kí ìyàwó aláìsàn lọ wá dìpọ́sítì ná! Mo ti rí i rí níbì kan nílùú yìí: ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, àbúrò ń pe alájọ, aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní kọ́rídọ̀. Ó dùn mí wọra.

Òfin ìlera ọdún 2014 ti kà á léèwọ̀ pé kí ilé ìwòsàn kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀, ìdí yòówù kó jẹ́. Owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Kí gbogbo ọsibítù Ìbàdàn kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà ìmájẹ́ńsì, ní Yorùbá, kí ìyàwó yẹn lè nawọ́ sí i.