"Look forward to": ẹ má fi "hear" parí lẹ́tà yín mọ́

Ìlà kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kásẹ̀ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀, pàápàá lẹ́tà ìwáṣẹ́: "I look forward to hear from you." Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí ẹni tó kọ ọ́ lè ti ṣe wàhálà gan-an lórí ìyókù lẹ́tà náà. Òkè orúkọ rẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wá jókòó sí. "Hearing" ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ àbọ̀ ló fà á. Wọ́n kọ́ wa pé tí "to" bá ti ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìṣe kì í ní àfikún: to go, to eat, to write. Òótọ́ ni, àmọ́ "to" méjì ló wà. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn, irú èyí tó wà nínú "I went to school", ọ̀rọ̀ orúkọ ló sì ń bá rìn. Òun ló wà nínú "look forward to". Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá máa dé ibẹ̀, àfi kó gbé "-ing" wọ̀ kó lè ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ẹ fi "it" dán an wò. "I look forward to it" lọ geere. "I want to it" ńkọ́? Etí ò gbà á. Ibi tí "it" bá ti lè wọlé, "-ing" náà á wọlé.

Ibi tí ìdánwò yìí ti wúlò jù ni "used to". "I used to wake early": ohun tí mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn, mi ò ṣe é mọ́. "I am used to waking early": ó ti mọ́ mi lára nìyẹn. Àṣìṣe kékeré níbẹ̀ lè yí ohun tí èèyàn ń sọ padà pátápátá.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá, ṣebí ẹni tó kà á ti gbọ́ ohun tí a ní lọ́kàn. Láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ wá rí, lẹ́tà yẹn nìkan ló fi ń díwọ̀n wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti kọ́ àwọn ọmọ ní "to" àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó mú èkejì wá.